Àwòṣe Mọ́tò Amẹ́ríkà: Ọdún 1958 Kọ́ Ni Ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ bá àwọn tó ń kó àwòṣe mọ́tò àtijọ́ ti Amẹ́ríkà jọ sọ̀rọ̀, ìtàn kan náà ni púpọ̀ nínú wọn máa sọ nípa bí iṣẹ́ ọwọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ AMT ní ìpínlẹ̀ Michigan gbé páálí kan jáde tó ń jẹ́ 3 in 1, pé inú páálí yẹn ni àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ rí mọ́tò oníke tí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn tò pọ̀, tí wọ́n á sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ìtàn náà dùn, ó sì rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ọdún. Nígbà tí àwọn ọdún 1940 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ Hudson Miniatures ní Scranton, Pennsylvania, ti ń ta àwòṣe mọ́tò onígi tí wọ́n pè ní Old Timers. Àwòṣe àwọn mọ́tò tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni, ìwọ̀n wọn sì jẹ́ 1/16. Ẹni tó rà á ló máa fi sánpépà ha igi rẹ̀, òun ló máa lẹ̀ ẹ́, òun náà ló máa kùn ún. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Revell, tí Lewis Glaser dá sílẹ̀ ní California, gbé Highway Pioneers jáde. Jack Gowland, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe wọ́n. Ike ni ìwọ̀nyí, ìwọ̀n 1/32. Ford Model T wà nínú wọn, Cadillac ayé ọjọ́un náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń to Model T yẹn pọ̀ lórí tábìlì ìyá wọn ti ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ ní 1958 kí ọdún náà tó dé rárá.

Níbo wá ni páálí AMT fúnra rẹ̀ ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò gidi ni. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ West Gallogly ló dá AMT sílẹ̀ ní 1948. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, Aluminum Model Toys, ń sọ ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Ford kékeré tí wọ́n fi alumíníọ̀mù rọ, tí wọ́n sì fi ọ̀dà Ford gan-an kùn, kí àwọn alágbàtà mọ́tò lè máa fi han oníbàárà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù sílẹ̀ tí wọ́n bọ́ sórí ike. AMT nìkan kọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Banthrico ní Chicago ń fi irin rọ tiwọn, wọ́n sì dá ihò sí i kí ọmọdé lè máa fi tọ́jú owó. Jo-Han wà ní Detroit, PMC wà ní Milwaukee. Bí mọ́tò tuntun bá ṣe ń jáde lọ́dọọdún ni àwòṣe rẹ̀ ń dé ṣọ́ọ̀bù alágbàtà.

Móòdù irin tí wọ́n fi ń ṣe ike wọ́n púpọ̀, AMT sì ti ní in nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní 1958 ni pé wọ́n lo móòdù àwòṣe alágbàtà yẹn, wọ́n fi ẹ̀yà díẹ̀ kún un, wọ́n sì tà á láì tò ó pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí, kó gbé ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò 3 in 1 àkọ́kọ́ yẹn, kó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, irin kan ṣoṣo ló gba abẹ́ kọjá láti táyà ọ̀tún dé táyà òsì, ṣúkúrù ló so ara mọ́tò mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ṣí, kò sì sí ẹ́ńjìnnì lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe mọ́tò inú ṣọ́ọ̀bù alágbàtà gan-an nìyẹn. Ohun tó yàtọ̀ ni irú ike. Ike asetéètì ni ti alágbàtà, ó sì máa ń tẹ̀: lónìí, bọ́ńpà ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ká, òrùlé wọn ti wọ̀. Ike pólísítáírìnì tó ń gba gọ́ọ̀mù ni ti inú páálí, ó sì ṣì dúró gbọn-in. Móòdù kan ló bí àwọn méjèèjì.

Mo gbà pé ohun tuntun kan wà nínú páálí náà. Ọmọ lè to mọ́tò rẹ̀ bó ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́, ó lè yí ìrísí rẹ̀ padà bó ṣe wù ú, ó sì lè sọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje. Ẹ̀tọ́ láti yàn yìí ló gbé AMT ga. Síbẹ̀, AMT kọ́ ló dá a rò. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ California ti ń fi mọ́tò tí wọ́n tún ṣe sáré lórí adágún gbígbẹ bíi Muroc. Ní 1948 ni ìwé ìròyìn Hot Rod bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn wọn káàkiri. Sam Barris àti àbúrò rẹ̀ George ti ń gé òrùlé mọ́tò Mercury ti ọdún 1949 kó lè rẹlẹ̀, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó di irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú páálí.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé là ń sọ, pé kì í ṣe òwò alágbàtà. Ìyẹn náà ní baba. Láti 1930 títí di 1968 ni Fisher Body, ẹ̀ka General Motors, fi ń ṣe ìdíje Craftsman's Guild fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Àwòṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin Napoleon ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ náà gbẹ́ àwòṣe mọ́tò tí àwọn fúnra wọn fi orí ara wọn rò. Owó ilé-ìwé gíga ni ẹ̀bùn rẹ̀. Chuck Jordan gba ipò kìíní ní 1947, òun náà ló wá di igbá-kejì ààrẹ General Motors lórí ìrísí mọ́tò.

Kí ló wá dé tí ìtàn 1958 fi lẹ̀ mọ́ wa lẹ́nu? Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun ló ń sọ ọ́, páálí AMT sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ fi owó ọwọ́ wọn rà. Ibi tí oníkálukú ti bá eré ló pè ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. N kò bá wọn jà lórí ìrántí wọn, àmọ́ ìrántí ọjà tí ẹnì kan kọ́kọ́ rà kì í ṣe ìtàn bí ọjà náà ṣe dáyé.

Àṣìṣe yìí ń pani lára. Ẹni tó bá gba 1958 gbọ́ máa ń fojú ohun ìpolówó lásán wo àwòṣe alágbàtà, á fojú igi ìdáná wo Old Timers, kò sì ní bèèrè mọ́tò Guild tí bàbá àgbà kan gbẹ́ tó wà ní àjà ilé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dà á nù. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí: agbẹ́gi Scranton, alágbàtà Detroit, asáréje Muroc àti àwọn ọmọ Guild ló jọ gbé iṣẹ́ yìí dé ibi tó dé. Ẹ jẹ́ ká fún AMT ní ìyìn páálí rẹ̀, ká sì dá ìyìn iṣẹ́ náà padà fún gbogbo àwọn tó ṣe é.