Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n Nínú Ìdarí Ìjọ

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè." Àgbà inú òwe yìí kì í ṣe òpè. Ó ti gbọ́n, ó ti lórúkọ, àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀; síbẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn mọ̀ ló ń pa iyì rẹ̀ mọ́. Láàárín àwọn ìjọ Kristi ilẹ̀ Yorùbá, bí olórí ṣe ń gba ìmọ̀ràn tàbí bí kò ṣe gbà á máa ń hàn nínú iye ọmọ ìjọ, nínú àpò ìjọ àti nínú àlàáfíà rẹ̀.

Ní 1901, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ti ìjọ Áńgílíkà ní kí James Johnson, ẹni tí wọ́n ti fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní 1900, kúrò ní ìjọ Páọ́lù Mímọ́, Breadfruit, l'Ékòó. Tugwell kò ka ìfẹ́ àwọn ọmọ ìjọ sí. Àṣẹ rẹ̀ ṣẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kó jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún náà. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ.

Irú ìdarí apàṣẹwàá yìí náà ní ìwúlò tirẹ̀, pàápàá nígbà tí ìjọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀. Samuel Oschoffa dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1947. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló sì mú kí ìlànà ìsìn ibẹ̀ bá ti ẹ̀ka tó wà l'Ékòó mu. Òfin ìjọ fi yíyan arọ́pò sọ́wọ́ olùdásílẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1985 láì tíì yan ẹnì kankan ní gbangba, àwọn ọmọ ìjọ kò fẹnu kò lórí ẹni tí ipò tọ́ sí. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, ó di ọdún 2000 kí wọ́n tó dá a.

Ọ̀nà mìíràn ni Josiah Akindayomi gbà. Kò kàwé, òun ló sì dá Redeemed Christian Church of God, tí gbogbo ayé ń pè ní Rìdíìmù, sílẹ̀ l'Ékòó ní 1952. Enoch Adeboye, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, wọ ìjọ náà ní 1973, ó sì di ògbufọ̀ tí ń sọ ìwàásù bàbá di èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ohun tó dín kù nínú ọlá Akindayomi nítorí pé ó fara ti ọ̀dọ́. Òun nìkan náà ló yan arọ́pò, gẹ́gẹ́ bí apàṣẹ ṣe ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó ti yàn án kí ó tó kú ní 1980. Àwọn òjíṣẹ́ kan ṣe àtakò, ṣùgbọ́n ìjọ kò tú. Adeboye, tó gorí oyè ní 1981, kò ti ẹ̀ka àtijọ́ tí ń fi Yorùbá jọ́sìn pa. Ńṣe ló dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé, àwọn wọ̀nyí ló sì gbé Rìdíìmù dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà.