Láti Agboolé dé Ẹgbẹ́ Onílé: Ìyípadà Àwùjọ ní Ọ̀tà àti Sángo

Àwọn Àwórì ló tẹ Ọ̀tà dó, Ọlọ́tà sì ni wọ́n ń pe ọba wọn. Ní ayé àtijọ́, agboolé ni ojúṣe ènìyàn sí ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀. Baálé ló ń pín ilẹ̀ oko fún ọmọ ilé, òun náà ló ń yan àwọn tí yóò jáde nígbà tí iṣẹ́ ìlú bá dé. Iṣẹ́ tó bá ju agbára ẹnì kan lọ, bí ilé kíkọ́ tàbí oko ríro, àáró tàbí ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìbí ló ń sọ ènìyàn di ọ̀kan nínú ètò yìí, ìwà ọmọlúàbí sì ni pé kí ó má ṣe sá fún un.

Ètò náà lágbára. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà ní nǹkan bí ọdún 1842, ṣùgbọ́n ìlú náà kò parun. Àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) dé láàárín ọdún 1850 sí 1859, ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà sì gbilẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ ìdílé ni ilẹ̀ ṣì wà.

Ilé iṣẹ́ ló yí i padà. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, owó epo rọ̀bì pọ̀ ní Nàìjíríà, èrò sì ń wọ́ lọ sí Èkó títí ilẹ̀ fi wọ́n níbẹ̀. Ọ̀tà kò jìnnà sí Èkó: títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba Sángo, àdúgbò kan ní Ọ̀tà, kọjá, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, tó lọ sí ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin, ti yà. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976. Ìjọba tuntun náà ń wá owó àti iṣẹ́ fún aráàlú, ilẹ̀ tó sún mọ́ ọjà Èkó sì jẹ́ ọrọ̀ pàtàkì fún un. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Àwọn tó ń pọn ọtí, tó ń yọ́ irin, tó ń ṣe ike àti oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé wọn láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà àti láti Benin. Ní ọdún 1989 ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà bẹ̀rẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 526,565 ni wọ́n kà níbẹ̀.

Oko di pulọ́ọ̀tì. Láìka Òfin Lílo Ilẹ̀ sí, ìdílé ń tà, àjèjì ń rà, ìwé ẹ̀rí ìsanwó sì gba ipò ìbátan. Olúkúlùkù tó rà á gbẹ́ kànga tirẹ̀, ó mọ ògiri yí ilé rẹ̀ ká, ó ra ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀. Kì í ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan lásán ló fà á, nítorí omi ẹ̀rọ àti iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà, gọ́tà àti ààbò òru kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá rà.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ àwọn onílé sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù. Ó ní alága, akọ̀wé àti akápò, ó sì ń ṣèpàdé. Owó tí wọ́n ń dá ni wọ́n fi ń ra tiransifọ́mà àti òpó iná, tí wọ́n fi ń kún kòtò ojú ọ̀nà, tí wọ́n sì fi ń sanwó ọlọ́dẹ. Ìjọba ìbílẹ̀ ń bá wọn ṣe nǹkan pọ̀ lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ̀gbá, Ìgbò àti Ẹ̀gùn jọ ń jókòó síbẹ̀. Mo ka èyí sí àṣeyọrí ńlá, nítorí pé kò sí baba ńlá kan tó so wọ́n pọ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni Alexis de Tocqueville, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ní Amẹ́ríkà nígbà tó lọ síbẹ̀ ní ọdún 1831. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1835 àti 1840, ó ṣàlàyé pé níbi tí kò ti sí ìjòyè àbínibí, ẹgbẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Ó bẹ̀rù pé bí ẹgbẹ́ bá dẹ̀, olúkúlùkù yóò fà sẹ́yìn sínú ilé rẹ̀, yóò sì fi ìlú sílẹ̀ fún ìjọba. Ní ọdún 2000, Robert Putnam, onímọ̀ òṣèlú ará Amẹ́ríkà, fi àkọsílẹ̀ hàn pé àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ti dín kù gan-an láàárín ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyàtọ̀ ti Ọ̀tà ni pé ìjọba kò sí nítòsí tó láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún. Ẹgbẹ́ àdúgbò lè tún òpópónà ṣe, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀sùn ló kù fún un. Bákan náà ni ìjà ilẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn ọmọ ìdílé tó ń ta ilẹ̀, ń ta pulọ́ọ̀tì kan fún ẹni méjì, wọ́n sì ń fi ipá gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, títí Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ṣe òfin ní ọdún 2016 láti fìyà jẹ ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀.

Àbájáde kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Ní agboolé, ọmọ ilé ni gbogbo ẹni tí a bí síbẹ̀, ì báà jẹ́ olówó tàbí tálákà. Nínú ẹgbẹ́ onílé, ohun ìní ló ń sọ ènìyàn di ọmọ ẹgbẹ́. Ayálégbé sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ fà wá. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Ìjokó, tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́, lè máa dá owó ọlọ́dẹ àti owó tiransifọ́mà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan alága tó ń ná an.