Ọ̀dà Ọkọ̀ Àná, Ọ̀dà Ọkọ̀ Òní

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi fi pọ́líìṣì nu ìjàpá mi, Volkswagen pupa, lójúde ilé, àyà mi já. Aṣọ ọwọ́ mi pọ́n bí osùn. Mo ní, “Yéè! Mo ti bó ọkọ̀ láwọ̀!”

Àṣé ìtàn ni n kò mọ̀. Láyé ọkọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀dà fi ń gbẹ. Ní 1923, General Motors l'Ámẹ́ríkà fi ọ̀dà Duco ti DuPont kun ọkọ̀ Oakland. Wákàtí díẹ̀ ló fi gbẹ. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa pa irú ọ̀dà àtijọ́ wọ̀nyí, ojú wọn a ṣì bí eérú. Ìdí nìyí tí onímọ́tò fi ń fi pọ́líìṣì ha òkú ọ̀dà kúrò, kó tó fi ìda bò ó. Òkú ọ̀dà ló pọ́n aṣọ mi.

Láti nǹkan bí 1980 síwájú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà tó mọ́ gaara bí omi bo èyí tó láwọ̀. Ìbòrí yìí kò nípọn tó irun orí. Bí ẹ bá fi ìpara líle ha á lọ, àfi kí ẹ tún ọkọ̀ kùn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi pọ́líìṣì díẹ̀ àti aṣọ funfun dán kọ̀rọ̀ kan wò. Bí àwọ̀ bá yọ, ọ̀dà àtijọ́ ni. Bí kò bá yọ, ẹ rọra o! Ohun tó tún ìjàpá mi ṣe lè ba ọkọ̀ ọmọ yín jẹ́.