Káfíńtà Tó Di Bíṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, bí a bá dárúkọ Àjàyí Crowther, oyè bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ ní 1864 la máa ń kọ́kọ́ rántí. Èmi ò fojú kéré oyè yẹn o, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn mí.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rú ní 1822, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sierra Leone. Ní 1843, ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde ní 1850. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí odindi Bíbélì tó parí, tòun tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wí pé Ọlọ́run á ṣe é, tó wá káwọ́ gbera, kó wo Àjàyí: ó gbàdúrà, ó sì jókòó ti iṣẹ́.