Ẹgbẹ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì: Láti Ìbàdàn dé Sàngó-Ọ̀tà

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ìlera ní Nàìjíríà, dókítà ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ló ń bá aláìsàn ṣojú mọ́jú. Ìyì àti ìmọ̀ tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní lónìí kò ṣàdédé wá. Ẹgbẹ́ ló fẹsẹ̀ wọn múlẹ̀.

Ọdún 1915 ni wọ́n bí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ní Èkó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wù ú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i, nítorí iṣẹ́ náà kò níyì lójú àwọn gbajúmọ̀ ìgbà náà. Ó ṣe olùkọ́ kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Nígbà tí ó yá, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn. Kò fi mọ sí ipò ara rẹ̀: ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ yanjú sílẹ̀.

Ní 1978, oríṣiríṣi ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí parapọ̀ di ọ̀kan, èyí tí a mọ̀ sí NANNM. Ní 1979, ìjọba pa ìgbìmọ̀ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ pọ̀ mọ́ ti àwọn agbẹ̀bí. Lónìí, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ń sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun, ó sì gbọ́dọ̀ ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó rí i gbà.

Ẹgbẹ́ yìí ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n Ọ̀tà kọjá ilé ìwòsàn ìjọba. Láti ẹ̀bá ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta títí dé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, iléeṣẹ́ ló kún ibẹ̀. Ẹ̀rọ lè gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kẹ́míkà sì lè ta sí i lójú. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló lè wà ní kílínìkì iléeṣẹ́ lóru, láìsí ẹnìkejì tí yóò bi léèrè.

Irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ló nílò ẹgbẹ́ jù. Níbi ìpàdé ni yóò ti gbọ́ bí ẹlòmíràn ṣe yára fi omi mímọ́ ṣan ojú tí kẹ́míkà ta sí, tí kò dúró kí ọkọ̀ tó dé. Níbẹ̀ náà ni yóò ti mọ ilé ìwòsàn tó yẹ kí ó gbé aláìsàn lọ. Bí ọ̀gá iléeṣẹ́ kò bá yọ̀ǹda rẹ̀ láti lọ, òṣìṣẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Òbí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀tà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ náà.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Àwọn ìran Pratt dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lè níyì. Iṣẹ́ tó kù fún ìran tiwa ni kí ẹgbẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó dá wà nínú ọgbà iléeṣẹ́.