Àwo Orin Yorùbá àti Yíyan Oríṣi Fáìlì fún Ìpamọ́: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn

Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá tó lé ní 40 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní ìlú London. Ojú kan àwo ìgbà náà kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú 3 sí 4 lọ. Orin tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti di gígé kúrú. Nígbà tí àwo LP gbòde, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé lè fi odindi ojú àwo kan so orin mọ́ orin. Èyí fi hàn pé ohun tí a fi gba ohùn sílẹ̀ máa ń pinnu ohun tí ìran tó ń bọ̀ yóò gbọ́.

Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ló tún wà níwájú wa lónìí, bí a ti ń kó àwo wọ inú kọ̀ǹpútà. WAV jáde ní 1991. Ó ń tọ́jú ohùn láìfún un pọ̀. Jámánì ni a ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí tó bí MP3, nígbà tí àyè ìpamọ́ ṣì wọ́n gan-an. Ó máa ń yọ ohun tó bá rò pé etí kò ní fura sí kúrò. FLAC, tó dé ní 2001, ń fún fáìlì pọ̀ láìyọ ohunkóhun. FLAC dà bí agbádá tí a ká sínú àpótí. MP3 dà bí èyí tí a gé létí kí ó lè wọ àpótí. Bí a tilẹ̀ sọ MP3 padà di WAV, ohun tí a gé kò ní padà wá.

Ojú àwo oníṣẹ́jú 3, tí a gbà sílẹ̀ ní mono, bit 24 àti kHz 96, yóò gba nǹkan bíi megabyte 52 ní WAV. MP3 tó ń lo kbps 128 kò ní ju 3 lọ. Àwọn kan lè sọ pé àwo àtijọ́ kún fún ariwo, nítorí náà MP3 ti tó o. Àríyànjiyàn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. MP3 kò mọ ariwo yàtọ̀ sí orin. Olùwádìí tó bá fẹ́ yọ ariwo náà lọ́la yóò nílò gbogbo ohun tó wà nínú àwo.

Èrò wa ni pé kí ẹ̀dà ìpamọ́ jẹ́ WAV tàbí FLAC, kí a sì ti inú rẹ̀ ṣe MP3 fún ìgbọ́ràn àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwo àtijọ́ a máa fọ́ bí àwo tánganran. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀dà tí a bá ṣe lónìí ni yóò kù.