Ta Ló Ṣẹ́ Ìlà Náà? Ìtàn Word Wrap láti Gaskiya dé Notepad

Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá Gaskiya Corporation sílẹ̀ ní Zaria, ilé iṣẹ́ tó gba àkóso Gaskiya Ta Fi Kwabo, ìwé ìròyìn Haúsá tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939 pẹ̀lú Abubakar Imam gẹ́gẹ́ bí olóòtú àkọ́kọ́. Nílé ìtẹ̀wé ayé ìgbà yẹn, kò sí ìlà tó ń parí fúnra rẹ̀. Òpó ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ní ìbú tí kò ṣeé yẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó kàn kò bá gba ibẹ̀, ẹni tó ń to lẹ́tà ni yóò pinnu bóyá kí òun gé e sí méjì, tàbí kí òun tì í sí ìlà ìsàlẹ̀, kí òun sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ há àlàfo tó ṣẹ́ kù.

Àwọn máláàmù ìlú náà ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì tipẹ́tipẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé. Ajami ni wọ́n ń kọ, ìyẹn èdè Haúsá pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá, láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì. Bí ìlà bá kù díẹ̀ kó kún, wọ́n á na lẹ́tà gùn. Bí ó bá fẹ́ kún jù, wọ́n á fún un pọ̀.

Táípúráítà ló wá fi etí kún iṣẹ́ ojú. Bí ọwọ́ bá ti ń sún mọ́ etí bébà, agogo kékeré a dún. Akọ̀wé a parí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì gbá irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Irin kan ṣoṣo yẹn ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ń dá bébà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó sì ń yí i bọ́ sí ìlà tuntun. Nígbà tí ẹ̀rọ Teletype Model 33 dé ní 1963, iṣẹ́ méjèèjì ti pínyà: àmì 13 wà fún ìpadàsíbẹ̀rẹ̀, àmì 10 fún ìlà tuntun. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jogún wọn, àwọn tó ṣe Unix ní 10 nìkan ti tó. CP/M, MS-DOS àti Windows tó tẹ̀ lé wọn di méjèèjì mú. Macintosh ìbẹ̀rẹ̀ mú 13 nìkan. Ilé mẹ́ta, àṣà mẹ́ta, bí ẹni pé fáìlì kò ní ṣí kúrò nílé kan lọ sí òmíràn láéláé!

Ní 1976, Michael Shrayer gbé ètò ìkọ̀wé Electric Pencil jáde ní Amẹ́ríkà fún àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké. Nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá gba ìlà a bọ́ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, òǹkọ̀wé kò ní í dúró de agogo kankan mọ́. WordStar tó tẹ̀ lé e ya ìparí ìlà sí oríṣi méjì: èyí tí òǹkọ̀wé tẹ̀ àti èyí tí ẹ̀rọ dá sí i. Ṣùgbọ́n inú fáìlì ló ń fi àmì ti ẹ̀rọ náà pa mọ́ sí, ìdí nìyí tí àwọn lẹ́tà àjèjì fi ń yọ jáde bí wọ́n bá fi ètò mìíràn ṣí iṣẹ́ WordStar.

Àwọn ètò tòní kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí télọ̀ ṣe ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò sókè láìgé aṣọ ni Word Wrap ṣe ń ṣẹ́ ìlà: ojú ló ń rí i, kò sí nínú fáìlì. Enter ló ń gé aṣọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ti ń wá, títí kan àwọn ti Samaru ní Zaria, níbi tí Yunifásítì Ahmadu Bello wà láti 1962. Bí ìlà bá sá kọjá etí ojú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó bàjẹ́. Wọn ò tan Word Wrap ni. Nínú Notepad àtijọ́, abẹ́ Format ló wà. Ní Windows 11, ó ti kó lọ sí View. Nínú VS Code, Alt àti Z ló ń tàn án. Bí Vim bá ń gé ọ̀rọ̀ láàárín, linebreak ni wọn ò tíì tan.

Èyí tó le ni ti ìlà gígùn kan, kúkúrú kan, gígùn kan, kúkúrú kan. Inú PDF tàbí í-meèlì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sábà ń wá, Enter tòótọ́ sì ti wọ ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Tan Word Wrap, pa á, kò ní í gbọ́. Àfi kí wọ́n lo Find and Replace láti fi àlàfo rọ́pò Enter ẹyọ kan, kí wọ́n sì dá Enter méjì tó tẹ̀ léra sí, torí òun ló ya ìpínrọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn máa ń rí òdìkejì rẹ̀: gbogbo fáìlì di ìlà gbọọrọ kan nínú Notepad. Fáìlì Unix nìyẹn, tó ní 10 láìní 13. Ọdún 2018 ni Microsoft tó kọ́ Notepad láti kà á. Bí gbólóhùn kan bá sì kọ̀ tí kò ṣẹ́ rárá, kí wọ́n wo àlàfo inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé àlàfo U+00A0 wá, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti má jẹ́ kí ìlà ṣẹ́ níbẹ̀.

Ajami tún ní tirẹ̀. Òfin Unicode ni pé kí ètò kọ́kọ́ ṣẹ́ ìlà, kó tó wá to ọ̀rọ̀ inú ìlà kọ̀ọ̀kan láti ọ̀tún tàbí láti òsì. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tẹ Enter láàárín gbólóhùn Ajami tó ní orúkọ onílẹ́tà Bókò (lẹ́tà ABD ti Haúsá) nínú, orúkọ náà lè fò lọ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n á máa bú fọ́ǹtì, fọ́ǹtì kò sì mọwọ́mẹsẹ̀.

Haúsá onílẹ́tà Bókò rí ojú rere jù wá lọ níbi kan: ɓ, ɗ àti ƙ ní kóòdù kọ̀ọ̀kan. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta lojú rí nínú "ọ̀rọ̀", ṣùgbọ́n kóòdù márùn-ún ni ó kéré tán, nítorí àmì ohùn orí ọ dá kóòdù tirẹ̀ ní. Ní UTF-8, báìtì mọ́kànlá ni. Module textwrap inú Python ń ka kóòdù, nítorí náà ìlà Yorùbá rẹ̀ máa ń kúrú ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àṣẹ fold ti GNU ka báìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè gé lẹ́tà kan sí méjì kó fi àmì ìbéèrè sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àkọsílẹ̀ tó ní àmì ohùn pípé dán iṣẹ́ yín wò kí ẹ tó gbé e jáde.